Ṣé Kùkùté Ẹsẹ̀ Mi Lè Gbé Mi Láti Ọ̀yọ́ Dé Ògbómọ̀ṣọ́ Lórí Kẹ̀kẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Aránṣọ ni mí ní Ọ̀yọ́, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó di ọdún mẹ́ta báyìí tí tírélà kọlu ọ̀kadà tí mo gùn, tí wọ́n sì gé ẹsẹ̀ òsì mi lábẹ́ orúnkún. Mo ti ní ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, mo sì ń fi rìn dáadáa. Lóṣù tó kọjá ni mo rí fídíò àwọn kan tí ẹsẹ̀ wọn gé bíi tèmi, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú aṣálẹ̀ orí òkè ní Nevada, ní Amẹ́ríkà. Kò sí igi, kò sí abúlé. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ò ti kúrò níbẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá mi ń gbé, mo sì fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ lọ kí wọn láti Ọ̀yọ́. Báwo ni àwọn yẹn ṣe ń ṣe é tí kùkùté wọn kì í fi bó? Ṣé tèmi á gbà á?

Ìdáhùn:

Ọmọ mi, á gbà á. Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́ èyí kí ara rẹ lè balẹ̀ ka ìyókù. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mo sì mọ àwọn tí kùkùté wọn kò gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko àti sọ́jà. Àmọ́ má tíì gbéra o. Ohun tó gbé àwọn tí o rí yẹn kọjá aṣálẹ̀ kì í hàn nínú fídíò. O rí itan wọn, o rí kẹ̀kẹ́ wọn, o rí bí wọ́n ṣe dijú mọ́rí. O ò rí awọ kùkùté wọn. Awọ yẹn ló ń sọ ibi tí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gé máa dé. Bí èémí bá tán, èèyàn á sinmi díẹ̀, á tún máa lọ. Bí awọ bá bó lórí kùkùté, ìrìn àjò ti parí nìyẹn, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí o tó lè wọ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rẹ padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ohun kan wà tó ń ya àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi lẹ́nu: kẹ̀kẹ́ ṣàánú kùkùté ju ìrìn lọ. Bí o bá ń rìn lọ sí ọjà Akẹ̀sán, gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ òsì bá balẹ̀ ni ìwúwo ara rẹ ń já lé kùkùté. Lórí kẹ̀kẹ́, síìtì ló gbé ọ. Títẹ̀ nìkan ló kù fún ẹsẹ̀, títẹ̀ náà sì ń lọ geere, kì í já lu egungun. Bí maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ lo fi ń ránṣọ, o ti mọ ohun tí mò ń sọ: o lè jókòó tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kí kùkùté má sọ nǹkan kan, àmọ́ kí o rìn lọ ra òwú kí o sì fi ìrora dé.

Kí ló wá ṣòro nínú aṣálẹ̀ yẹn? Jẹ́ kí n ṣàlàyé ibẹ̀ dáadáa, torí ẹ̀kọ́ tó máa gbé ọ dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ wà níbẹ̀.

Ọ̀nà kan wà ní Nevada tí wọ́n ń pè ní Route 50. Láti 1986 ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ pé òun ni ọ̀nà tó dá páropáro jù lọ ní Amẹ́ríkà. Láti ìlú Ely dé Eureka ju 120 kìlómítà lọ, láti Austin dé Fallon ju 170 lọ, bí o bá sì kúrò ní ọ̀kan, ó ṣọ̀wọ́n kí o tó rí ẹni tó máa ta omi fún ọ kí o tó dé èkejì. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga. Ògbómọ̀ṣọ́ wa yìí kò ga tó 400 mítà ju etí òkun lọ. Ely, Eureka àti Austin wà ní nǹkan bí 2,000 mítà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́ débi pé bí o bá mí èémí márùn-ún, ohun tó wọ inú rẹ kò ju èémí mẹ́rin tibí lọ. Ṣùgbọ́n ara máa ń mọ́ ọn lára láàárín ọjọ́ díẹ̀. Òtútù òru ibẹ̀ náà ṣeé fi aṣọ bò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru ọ̀sán lè fi ohun tó lé ní 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius ju ti òru lọ. Gbígbẹ ilẹ̀ ibẹ̀ ló lágbára jù.

O mọ bí ọyẹ́ ṣe ń rí lóṣù kìíní ọdún. Ètè á là, gìgísẹ̀ á sán, aṣọ tí o bá sá á gbẹ kí o tó bu omi míì. Fi ìyẹn sọ́kàn, kí o sì rò ó pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí lábẹ́ oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ ń làágùn púpọ̀, àmọ́ kò mọ̀, torí òógùn ò dúró lára rẹ̀ kí ó tó gbẹ. Iyọ̀ funfun tó bá rí lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló máa fi mọ̀. Gbogbo ara gbẹ bí ẹja kíká.

Àfi ibì kan ṣoṣo. Ife líle tí kùkùté ń wọ̀, tí àwa ń pè ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, àti ìbọ̀sẹ̀ rọ́bà tó wà láàárín òun àti awọ, tí a ń pè ní láínà, kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé rárá. Òógùn tó bá jáde níbẹ̀ kò rí ọ̀nà lọ. Nínú ilẹ̀ tó gbẹ tó báyìí, kùkùté ń wẹ̀ nínú omi ara rẹ̀. Awọ tó bá pẹ́ nínú omi á rọ̀, á hunjọ, á dà bí ọwọ́ ẹni tó ti ń fọṣọ láti ìdájí. Irú awọ bẹ́ẹ̀ ò lè fara da kí nǹkan máa fà á. Bí o bá tẹ pẹ́dà ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 3,600 ni sọ́kẹ́ẹ̀tì á fà á láàárín wákàtí kan.

Kò tán síbẹ̀. Bí omi ara ṣe ń dín kù, kùkùté fúnra rẹ̀ ń fọn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ọ mu pẹ́kípẹ́kí láàárọ̀ á di gbàràmù lọ́sàn-án. Kùkùté á wá rì wọnú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ṣóńṣó egungun ojúgun á sì máa kan ìsàlẹ̀. Nítorí náà, omi tó pọ̀ jù wà níta awọ, èyí tó kéré jù wà nínú ara, méjèèjì sì ń bá awọ kan náà jà nígbà kan náà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọ́n ń dúró. Òun nìkan náà ni. Kí wákàtí kan tó pé, tàbí bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pé, wọ́n á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n á jókòó, wọ́n á bọ́ ẹsẹ̀, wọ́n á bọ́ láínà, wọ́n á nu kùkùté àti inú láínà gbẹ, wọ́n á jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí awọ, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò yíká. Bí kùkùté bá ti fọn, wọ́n á fi ìbọ̀sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan kún un kí sọ́kẹ́ẹ̀tì lè tún gbá a mú. Ẹni tí agbára rẹ̀ ká a á ní láínà méjì: èyí tó bọ́ á wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ nínú atẹ́gùn, èyí tó gbẹ á wọlé. Wọn kì í dúró de ìgbà tó bá dùn wọ́n. Ìgbà tí o bá máa gbọ́ ìrora, awọ ti ń bó.

Mo rí èyí pẹ̀lú ojú ara mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ wá sí ilé iṣẹ́ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ kò mọ ojú ẹnì kankan. Ó ní òun kò dúró lọ́nà rárá, inú rẹ̀ sì dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ní kó jókòó. Nígbà tó yọ kùkùté jáde, ó ró pọ̀ọ́. Mo da láínà dojú kọlẹ̀, omi ṣàn jáde lórí sìmẹ́ǹtì bí ìgbà tí èèyàn já ẹnu píọ̀ wọ́tà. Awọ rẹ̀ ti funfun, ó hunjọ, ojú kan sì wà lórí egungun ojúgun, tó tó owó kọ́bọ̀ àtijọ́, tó ti ń dán, tó pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ. Kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ká ní ó tún gùn ún padà sílé láìbọ́ ẹsẹ̀, ojú yẹn á ti ṣí. A nù ún, a jẹ́ kó gbẹ, mo sì ní kó gun ọkọ̀ lọ sílé. Inú rẹ̀ kò dùn sí mi lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kẹrin ó ti ń gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà.

Fún ìdí yìí, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o ṣe kò kan kẹ̀kẹ́. Wo kùkùté rẹ lálaalẹ́, pẹ̀lú dígí kékeré fún ẹ̀yìn rẹ̀. Bí o bá bọ́ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, àwọn ibi kan á pọ́n. Ìyẹn kò burú. Èyí tí kò bá pòórá láàárín 20 ìṣẹ́jú ni kí o wá fi hàn mí. Fi ọṣẹ tí kò le fọ kùkùté àti láínà lálẹ́, kí o ṣan ọṣẹ náà kúrò pátápátá, torí ọṣẹ tó bá kù sínú láínà á máa jẹ awọ ní ọjọ́ kejì. Òrí àti ìpara dára lálẹ́ nígbà tí o bá fẹ́ sùn. Má fi wọ́n pa á láàárọ̀ kí o tó wọ ẹsẹ̀, wọ́n á mú awọ rọ̀, láínà á sì máa yọ̀. Má fá irun orí rẹ̀. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé kí o máa fi sípírítì pa á kí ó lè yi. Á gbẹ, á sán, ojú ibi tó sán sì ni egbò ń gbà wọlé.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ máa wúlò níbí. Ìbọ̀sẹ̀ kùkùté tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìwọ fúnra rẹ lè rán an. Ra aṣọ òwú tó ń fà, irú èyí tí wọ́n fi ń rán síńgílẹ́ẹ̀tì, kí o rán an ní oríṣi mẹ́ta tí wọn kò nípọn bákan náà. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ ọ́ ni pé kí ojú ìrán má ṣe kọjá lórí ojúgun tàbí ní ṣóńṣó kùkùté. Gbé e sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí ẹran wà, kí o sì yí ojú ìrán sóde. Ojú ìrán tí o kò lè fi ọwọ́ mọ̀, kùkùté á mọ̀ ọ́n.

Ó yá, ká bọ́ sórí kẹ̀kẹ́.

Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí o ní, ìrìn ni wọ́n ṣe é fún. Etí ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ga díẹ̀ kí ó lè di kùkùté mú. Nígbà tí o bá ń rìn, orúnkún rẹ kì í ká púpọ̀, o kò sì ní mọ̀ pé etí náà wà níbẹ̀. Lórí kẹ̀kẹ́, bí pẹ́dà bá dé òkè, orúnkún á ká gan-an, etí yẹn á sì gún kòtò ẹ̀yìn orúnkún, ní gbogbo ìgbà tí pẹ́dà bá yí.

Èmi ni mo jẹ̀bi irú rẹ̀ rí. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ mi, mo ṣe ẹsẹ̀ fún olùkọ́ kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Mo ní kó rìn lọ, kó rìn bọ̀. Ó rìn dáadáa, inú mi sì dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ kejì ló padà wá, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ mọ́ ẹ̀yìn orúnkún pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí mi. Ó kàn jókòó, ó ká orúnkún, ó sì fi hàn mí. Láti ọjọ́ náà, n kì í gé etí sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ títí tí mo bá fi rí i lórí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀. Mo máa ń gé àárín rẹ̀ wálẹ̀, mo sì ń fi àyè sílẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì fún iṣan méjì tó máa ń yọ níbẹ̀ bí orúnkún bá ká. Bí mo bá gé e jù, kò ní dára láti fi rìn mọ́, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni.

Ọ̀nà kejì láti dín kíká orúnkún kù wà lára kẹ̀kẹ́. Irin tí pẹ́dà so mọ́, tí àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe ń pè ní kíráńkì, máa ń gùn tó 170 mìlímítà lára kẹ̀kẹ́ àgbà. Bí ti ẹ̀gbẹ́ kùkùté bá kúrú sí i, àyíká tí ẹsẹ̀ ń yí á kéré, orúnkún ò sì ní ká tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ló gé fún ọ, èyí sì rọ iṣẹ́ náà lọ́rùn, torí apá ọ̀tún ni ṣéènì wà. Kíráńkì òsì dá dúró. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó mọṣẹ́ lè yọ ọ́, kó sì fi èyí tó kúrú láti ara kẹ̀kẹ́ ọmọdé rọ́pò rẹ̀, bí ihò rẹ̀ bá ṣáà ti bára mu. Sọ fún un pé kó má fi wẹ́dì lẹ̀ ẹ́. Irin tí wọ́n wẹ́dì tó bá kán lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ á gbé ọ ṣubú.

Ibi tí wàá gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà náà yàtọ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé ń fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀, níbi tí ọmọ ìka ti bẹ̀rẹ̀, tẹ̀ ẹ́, torí ó ní ọrùn ẹsẹ̀ àti ẹran ẹ̀yìn ojúgun tó ń bá a ti í. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kò ní. Bí o bá fi iwájú rẹ̀ tẹ pẹ́dà, á máa tẹ̀, á máa nà, agbára itan rẹ á sì ṣòfò síbẹ̀. Àárín àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí o gbé lé pẹ́dà, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lábẹ́ òpó irin tó ti inú sọ́kẹ́ẹ̀tì wá. Àwọn kan nínú àwọn tó ń sáré ìdíje tilẹ̀ yọ ẹsẹ̀ náà kúrò pátápátá. Òpó nìkan ló kù, ìdè pẹ́dà sì wà ní ìdí rẹ̀. Ìwọ kò nílò ìyẹn. O máa fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí o rìn wọlé ìyá rẹ.

Nípa síso ẹsẹ̀ mọ́ pẹ́dà, jọ̀wọ́ fetí sílẹ̀. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kò mọ ibi tí pẹ́dà wà, ó sì máa ń yọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń gé tíúùbù tí wọ́n sì ń dì í mọ́ ọn. Mo kórìíra rẹ̀ tọkàntọkàn. Bí o bá ṣubú, kẹ̀kẹ́ á máa fà ọ́ lọ. Bíbọ́ ẹsẹ̀ kúrò nínú ìdè ń fẹ́ kí èèyàn yí ọrùn ẹsẹ̀ síta, ìwọ ò sì ní ọrùn ẹsẹ̀ lápá òsì. Láti ìbàdí ni wàá ti yí gbogbo itan, ìyẹn sì ń pẹ́. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń fi awọ ṣe àgbékọ́ kékeré síwájú pẹ́dà, tó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn: ẹsẹ̀ ń wọ inú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà ṣílípáàsì, bí o bá sì fà á sẹ́yìn, ó ti jáde. Mo tún kórìíra dídì pinpin nítorí ìdí míì. Nínú àwọn tí mo ti ṣe ẹsẹ̀ fún, àwọn kan wà tí kì í ṣe ọkọ̀ ló gba ẹsẹ̀ wọn. Egungun ló kán, pákó tí wọ́n dì mọ́ ọn ló há jù, ẹ̀jẹ̀ kò sì rí ibi kọjá títí ẹsẹ̀ fi kú. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá há mọ́ ẹsẹ̀ ń bà mí lẹ́rù.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kí o máa fi kanlẹ̀ nígbà gbogbo. Ó bọ́ sí i fún ọ, torí apá ọ̀tún ọ̀nà ni à ń gùn ní Nàìjíríà: bí o bá fẹ́ dúró tàbí tí o bá fẹ́ ṣubú, ẹ̀gbẹ́ koríko lo máa yà sí, ọkọ̀ á wà ní òdì kejì. Fi èyí kọ́ra ní pápá títí tí o kò fi ní máa rò ó mọ́.

Bí ọkàn rẹ bá fẹ́ rẹ̀wẹ̀sì, rántí Emmanuel Ofosu Yeboah, ọmọ Gánà tí wọ́n bí ní 1977, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò ní egungun ojúgun. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí tó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wa kẹ̀kẹ́ káàkiri Gánà, ó lé ní 600 kìlómítà, kí àwọn ènìyàn ìlú rẹ̀ lè rí i pé aláàbọ̀ ara kì í ṣe ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ jókòó tì sójú pópó kó máa tọrọ. Ìgbà tó parí èyí ni wọ́n tó gé ẹsẹ̀ náà tó sì wọ ti àtọwọ́dá. Mo sọ tirẹ̀ fún ọ torí pé ilẹ̀ tó gùn ún kọjá jọ tiwa: ooru tiwa, ọ̀nà tiwa, ojú tí àwọn ènìyàn fi ń woni níbí náà ni wọ́n fi wò ó. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gé lókè orúnkún tó bá ń ka èyí, kí ó mọ̀ pé tirẹ̀ náà ṣeé ṣe. Púpọ̀ nínú wọn ń bọ́ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ kan wa kẹ̀kẹ́, nítorí etí sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn máa ń jà mọ́ síìtì.

Àwa kì í ṣe aṣálẹ̀, omi wa sì pọ̀. Nínú oṣù tí òjò ń rọ̀, òógùn kì í tètè gbẹ lára rẹ, nítorí náà wàá mọ̀ pé ò ń làágùn. Kùkùté á sì tètè rì sínú omi ju ti àwọn ará Nevada lọ. Nígbà ọyẹ́, ọ̀rọ̀ náà á yí padà, á di tiwọn gẹ́lẹ́: ara gbígbẹ, òùngbẹ tí o kò mọ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń tú. Máa mu omi díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ kí òùngbẹ tó gbẹ ọ́. Bí ìtọ̀ rẹ bá pọ́n bí tíì, o ti jáfara. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gé tún máa ń tètè gbóná, torí awọ tó yẹ kí ooru bá jáde ti dín kù.

Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ lé ní 50 kìlómítà. Bí o bá ń gùn ún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún pẹ̀lú ìdúró. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí o bọ́ ẹsẹ̀, kí o wo awọ. Ọ̀sẹ̀ tí awọ bá mọ́ ni kí o fi kún un, ọ̀sẹ̀ tí ó bá pọ́n ni kí o dúró sójú kan. Lọ sí Awẹ́, kí o padà. Nígbà tó bá yá, lọ sí Ìlorà. Ìgbà tí o bá lè gun wákàtí méjì pẹ̀lú ìdúró kan láàárín, tí ojú kankan kò pọ́n kọjá 20 ìṣẹ́jú, ni kí o pe ìyá rẹ pé ò ń bọ̀. Mo rò pé ó máa tó oṣù mẹ́ta. Ní ọjọ́ náà, má dúró de ẹ̀yìn Odò-Ọbà tó wà lójú ọ̀nà kí o tó kọ́kọ́ bọ́ ẹsẹ̀.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ tírélà pa mọ́ fún ọ, ìwọ tí o mọ̀ ọ́n ju èmi lọ. Ọ̀nà yẹn ni àwọn tó ń lọ Ìlọrin àti Òkè Ọya ń gbà. Má dá lọ. Kí ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà ẹni tí o mọ̀ máa tẹ̀ lé ọ lẹ́yìn, kí ó tan iná. Wọ aṣọ tó ń kọ mọ̀nà. O mọ ibi tí wọ́n ti ń ta á. Bọ́ sọ́nà nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ kedere, kí o dé kí oòrùn tó kàn átárí. Bí ẹ̀rù tírélà bá bà ọ́ lójú ọ̀nà, sọ̀ kalẹ̀, kí o wọ ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé ọ. Ìyá rẹ kò ní bi ọ́ pé kìlómítà mélòó lo fi ẹsẹ̀ wà.

Ó sì lè jẹ́ pé lálẹ́ lẹ́yìn tí o bá gùn ún jìnnà, ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ á máa dùn ọ́, tí àtẹ́lẹsẹ̀ tí wọ́n ti gé á máa yún ọ. Orí rẹ kò dàrú. Ọpọlọ ṣì ń retí ẹsẹ̀ yẹn. Fi ọwọ́ ra kùkùté, fi aṣọ wé e kó gbá a mú díẹ̀, kó má ṣe há pinpin, kí o sùn. Bí egbò bá ṣí, bí ó bá ń rùn, bí kùkùté bá gbóná tó sì wú, má wọ ẹsẹ̀ náà rárá, lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Wá rí mi kí o tó bẹ̀rẹ̀. Gbé kẹ̀kẹ́ náà sínú ọkọ̀ wá, pẹ̀lú ṣòkòtò tí o máa fi gùn ún. Nígbà tí o bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, má tíì wọlé tọ̀ mí; gùn ún yíká àdúgbò fún ogún ìṣẹ́jú, kí o wá jókòó níwájú mi pẹ̀lú òógùn rẹ, láìbọ́ ẹsẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ bọ́ ọ, kí n rí ibi tó pọ́n kí ó tó pòórá.